Inú Kàtúùnù Ni Mo Ti Kọ́kọ́ Rí Hitchcock

Iṣẹ́ ẹdítì fídíò ni mo fi ń jẹun, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wo kàtúùnù lọ́nà tí àwọn ará ilé mi kì í gbà wò ó. Fíìmù tí ènìyàn gidi ṣe lè ṣèèṣì dára. Oòrùn lè ràn síbi tí olùdarí kò retí, òṣèré lè gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kó wò, kí ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni yóò dùn jù. Kàtúùnù kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹnì kan kò jókòó yà. Nítorí náà, bí mo bá rí i pé òjìji ara ògiri, ìdúró ènìyàn àti ibi tí kámẹ́rà wà nínú kàtúùnù kan bá fíìmù ọdún 1941 tàbí ti 1960 mu, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó ti fíìmù yẹn, ó ń dá a dúró, ó ń dá a padà, títí ó fi mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Ibi tí mo ti ń rí irú èyí jù ni The Simpsons, eré àwọn ará Amẹ́ríkà nípa Homer àti Marge, àwọn aláwọ̀ ìyeyè oníka mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n ń gbé ìlú Springfield pẹ̀lú ọmọ wọn mẹ́ta: Bart, Lisa, àti Maggie tí kò tíì yọ ọmú onírọ́bà lẹ́nu. Matt Groening ló dá ìdílé yìí sílẹ̀. Òun, James L. Brooks àti Sam Simon ló sọ ọ́ di eré ìdajì wákàtí tí Fox bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1989. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí kò sí nínú àwọn mẹ́ta yìí. Al Jean ni.

Ọdún 1961 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ Yunifásítì Harvard, ìmọ̀ ìṣirò ló sì kà jáde níbẹ̀ ní 1981. Harvard náà ló ti pàdé Mike Reiss, àwọn méjèèjì sì jọ ń kọ̀wé fún Lampoon, ìwé ẹ̀fẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti dà bí ti ìbejì, bí ẹ bá ti rí orúkọ ọ̀kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí èkejì. Wọ́n kọ àwàdà fún Johnny Carson, atọ́kùn ètò òru tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jókòó dè. Wọ́n kọ fún ALF, eré ẹ̀dá onírun kan tó já bọ́ láti ojú ọ̀run sórí ilé ènìyàn. Wọ́n kọ fún Garry Shandling. Ní 1989 wọ́n wọ inú ìyàrá àwọn tó ń kọ The Simpsons, nígbà tó sì di sáà kẹta, àwọn méjèèjì ni ọ̀gá ibẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbà ló ń wọlé, ohun tí wọ́n bá kọ̀ ló ń jáde. Sáà kẹta àti ìkẹrin, láti 1991 sí 1993, ọwọ́ wọn ló ti wá, kò sì sí sáà tí mo fẹ́ràn tó o.

Àṣà kí kàtúùnù máa sín fíìmù jẹ ti wà tipẹ́. Ẹ wo Bugs Bunny, ehoro Warner Bros., bó ṣe máa ń fara ti nǹkan, tí yóò máa run kárọ́ọ̀tì, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu kíkún. Àwọn tó yà á sọ pé Clark Gable ni wọ́n ń wò, níbi tó ti fara ti ọgbà tó ń jẹ kárọ́ọ̀tì nínú It Happened One Night, fíìmù 1934. Àwọn tó ń lọ sí sinimá nígbà yẹn mọ ẹni tí ehoro ń sín jẹ. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn rò pé ehoro kàn fẹ́ràn kárọ́ọ̀tì ni.

Ibi tí The Simpsons fi yàtọ̀ ni pé ojú òṣèré nìkan kọ́ ni wọ́n ń sín jẹ, wọ́n ń sín kámẹ́rà jẹ pẹ̀lú. Brad Bird, ẹni tó padà wá darí The Iron Giant ní 1999 àti The Incredibles ní 2004, wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, òun ló sì ń tì wọ́n kí wọ́n má ṣe to àwọn ènìyàn wọn sójú kan bí ẹni tó wà lórí pèpéle. Kí kámẹ́rà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ó wà lókè àjà. Kí ó gba ẹ̀yìn ẹnì kan wo ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti lè yà báyìí, gbogbo sinimá ayé ti di ohun tí ẹ lè yá lò.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan kí a wò ó dáadáa. Ní 1960 Alfred Hitchcock gbé Psycho jáde. Obìnrin kan, Janet Leigh ló ṣe é, ń wẹ̀ nínú balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà. Òjìji ẹnì kan hàn lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọbẹ wọlé. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí pípa náà fi parí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán kéékèèké ni wọ́n gé tí wọ́n sì so pọ̀ níbẹ̀, ojú, ọwọ́, omi, ọbẹ, ẹnu tó là sílẹ̀. Bernard Herrmann tó ṣe orin rẹ̀ kò lo ìlù, kò lo fèrè, ohun èlò olókùn nìkan ló lò, fáyólìn sì ń han bí ẹyẹ tí wọ́n mú. Obìnrin náà di kọ́tìnnì mú bó ti ń lọ sílẹ̀, àwọn òrùka rẹ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, omi àti ẹ̀jẹ̀ sì ń pòyì wọ ihò omi. Omi ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn, nítorí fíìmù dúdú-àti-funfun ni.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, ọdún 1990, apá kan tí Jim Reardon darí jáde, wọ́n pè é ní “Itchy & Scratchy & Marge”. Maggie ti ń wo kàtúùnù ológbò àti eku tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ ara wọn lórí. Baba rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, ó ń kan pẹpẹ tí ìyá yóò máa to èròjà ọbẹ̀ sí. Ọmọ náà gbé òòlù, ó lọ bá a. Mo ti ṣí fíìmù àti kàtúùnù yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà mi. Bí ti ọ̀kan bá ṣe gé, bẹ́ẹ̀ ni ti èkejì ń gé. Òòlù dípò ọbẹ, ọ̀dà pupa dípò ẹ̀jẹ̀, fáyólìn ń han bákan náà. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Psycho rí yóò rẹ́rìn-ín nítorí ọmọ ọwọ́ ló na baba rẹ̀ ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Marge, ìyá wọn, gbé bíírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń ṣe kàtúùnù ìjà jà. Ohun tí apá náà ń bi wá ni bóyá ohun tí ọmọ ń wò lè wọ inú ọwọ́ rẹ̀ lọ. Fíìmù tí wọ́n sì mú láti fi béèrè rẹ̀ ni èyí tó dá jìnnìjìnnì bo àwọn òbí wa àgbà. Ibi tó yẹ ẹ́ jù ni wọ́n fi sí.

Bí onílù dùndún ṣe ń ṣe lóde ìnáwó náà nìyẹn. Yóò pa òwe mọ́ ẹnì kan lára, ẹni tó gbédè ìlù yóò rẹ́rìn-ín, yóò ki ọwọ́ bọ àpò, ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò máa jó ní tirẹ̀, ijó rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́. Bí ìlù bá wá jẹ́ èyí tí àfi ẹni tó gbọ́ òwe nìkan ló lè jó o, agbo máa tú ni. Ìwọ̀n yìí ni mo ń lò fún gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń sín fíìmù jẹ, òun ni mo sì fi mọ̀ pé Al Jean àti Mike Reiss kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kàn ń fi ìmọ̀ yangàn.

“Cape Feare” ni ìlù tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Jon Vitti ló kọ ọ́, Rich Moore ló darí rẹ̀. Ìgbà ìjọba Jean àti Reiss ni wọ́n ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tó jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọdún 1993. Sideshow Bob, ọ̀daràn onímọ̀ ìwé tí Kelsey Grammer ń fohùn sí, jáde lẹ́wọ̀n, ó sì ń wá ẹ̀mí Bart kiri. Fíìmù tí wọ́n yá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe é rí: J. Lee Thompson ṣe é ní 1962, Robert Mitchum ló ṣe ọ̀daràn, Martin Scorsese sì tún un ṣe ní 1991, Robert De Niro ló bọ́ sípò Mitchum. Nínú ti Scorsese, De Niro so ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ìdílé tó ń lépa, ó bá wọn rìn lọ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ó bani lẹ́rù gidi. Àwọn òǹkọ̀wé The Simpsons wá bi ara wọn ní ìbéèrè tí ọmọdé máa béèrè: ṣé kì í dùn ún lábẹ́ ibẹ̀ ni? Ni wọ́n bá ní kí Homer wa ọkọ̀ gba àárín àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀.

Nígbà tí Bob wá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tẹ réèkì tí wọ́n fi ń gbá ewé, igi rẹ̀ sì gbá a lójú. Ó yí, ó tún tẹ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Ìdí rẹ̀ ni pé eré náà kò gùn tó àkókò tí tẹlifíṣọ̀n fún wọn, wọ́n sì nílò ohun tí yóò fi dí i. Mo ti wo ibẹ̀ pẹ̀lú onírúurú ènìyàn. Èkínní, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tó bá di ìkẹrin, ẹ̀rín á ti tán, ẹlòmíràn á ti fẹ́ máa bínú. Tó bá fi máa di ìkeje, ẹnì kan á ti bú sẹ́rìn-ín pa dà, kò sì ní lè dákẹ́ mọ́. Ẹ̀dítọ̀ ni mí, ìgboyà ẹni tó jókòó tí kò gé e ló ń wú mi lórí.

Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ Bob ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ní 1955 Charles Laughton darí fíìmù kan ṣoṣo tó darí láyé rẹ̀, The Night of the Hunter. Robert Mitchum yìí náà ló ṣe ayédèrú oníwàásù tó fín LOVE sára ìka ọwọ́ kan, tó fín HATE sí ti èkejì, lẹ́tà kan fún ìka kan. Wọ́n fẹ́ kí Bob fín tirẹ̀. Àmọ́ àwọn ará Springfield kò ní ju ìka mẹ́ta lọ lẹ́yìn àtàǹpàkò. Báwo ni lẹ́tà mẹ́rin ṣe máa gba orí ìka mẹ́ta? LUV ni wọ́n fín sí ọwọ́ kan, wọ́n sì fín HĀT sí èkejì, pẹ̀lú ìlà kékeré lórí A kí ó má bàa dún bí fìlà. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ pé ọ̀daràn ọdún 1962 àti oníwàásù ọdún 1955, ẹnì kan náà ni, ó sì so wọ́n pọ̀ sára ọ̀daràn kẹta. Kò sí ẹni tó máa bi í bí kò bá ṣe é. Alf Clausen tó ń ṣe orin wọn náà kò gbẹ́yìn, orin tí Herrmann kọ fún Cape Fear ti 1962 ló gbé kalẹ̀, Herrmann onífáyólìn inú Psycho, orin kan náà tí Elmer Bernstein tún tò fún Scorsese.

Elmer Bernstein yìí tún wà nídìí orin inú apá kan tó jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọdún 1992, “A Streetcar Named Marge”, Rich Moore náà ló darí rẹ̀. Nígbà tí Marge ń múra eré orí ìtàgé, wọ́n gbé Maggie lọ sí kíréèṣì kan, obìnrin tó ni ibẹ̀ sì gba ọmú onírọ́bà lẹ́nu gbogbo àwọn ọmọ. Maggie kì í sọ̀rọ̀. Báwo lẹ ṣe máa sọ ìtàn ẹni tí kì í sọ̀rọ̀? Wọ́n mú The Great Escape, fíìmù 1963 nípa àwọn sójà tí àwọn ará Jámánì kó sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì fi orin tí Bernstein kọ fún un sí i. Níbi tí Steve McQueen ti jókòó nínú àhámọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri tó ń hán an pa dà, Maggie náà jókòó bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́rin tó wo ibẹ̀ tó sì sọ pé, “Inú ń bí i.” Kò mọ McQueen. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ ogun.

Nígbà tí Homer padà dé láti wá mú ọmọ rẹ̀, gbogbo kíréèṣì ti kún fún ọmọ tó ń mu ọmú onírọ́bà, lórí àga, lórí tábìlì, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ohùn kankan àyàfi ti ọmú tí wọ́n ń fà. Homer ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé láàrin wọn bí àwọn tó ń sá jáde nílé ní ìparí The Birds, fíìmù Hitchcock ti 1963, níbi tí àwọn ẹyẹ ti bo gbogbo àyíká. Bó ṣe jáde báyìí ni ọkùnrin kan kọjá níwájú, ó pá lórí, ikùn rẹ̀ yọ, ó fa ajá méjì dání. Hitchcock ni. Nínú The Birds gan-an, òun fúnra rẹ̀ jáde láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀sìn, ó fa ajá rẹ̀ méjì lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó wo fíìmù rẹ̀ kankan ni mo ti mọ ìrìn ọkùnrin yẹn, mo kàn ń ṣe kàyéfì pé ta ni bàbá alájá yìí.

Mo lè ka irú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní oṣù Karùn-ún 1992, Bart jí ìgò tí baba rẹ̀ ń tọ́jú ṣílè sí, Homer tó wọ pátá nìkan sì yí gbirigbiri bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn bí òkúta ńlá inú Raiders of the Lost Ark. Ní 1993, àárò béárì ìgbà èwe rẹ̀ sọ ọ̀gbẹ́ni Burns olówó bí ti ohun ìgbà èwe tirẹ̀ ṣe sọ Kane nínú Citizen Kane, iṣẹ́ Orson Welles ti 1941.

Kí ló dé tó fi jẹ́ fíìmù àtijọ́? Àwọn tó ń kọ ọ́ fẹ́ràn wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe kàtúùnù náà wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á gba ohùn sílẹ̀, wọ́n á ya àwòrán ìpìlẹ̀ ní Los Angeles, wọ́n á kó o ránṣẹ́ sí Kòríà kí wọ́n lọ ya ìyókù, yóò padà dé, wọ́n á tún un ṣe. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ló ń gbà. Àwàdà tí ẹ bá fi fíìmù ọ̀sẹ̀ yìí ṣe, nígbà tó bá máa dé ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ti ṣá. Fíìmù tó ti pé 30 ọdún kò ní ibi tó ń sá lọ.

Al Jean àti Reiss rí èyí sójú nígbà tí wọ́n lọ dá eré tiwọn sílẹ̀. The Critic ni orúkọ rẹ̀, ABC ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1994. Jay Sherman, tí Jon Lovitz fohùn sí, ni a rí nínú rẹ̀: ọkùnrin sísanra kan ní New York tó ń yẹ fíìmù wò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí kò sì fẹ́ràn ọ̀kankan nínú wọn. Nínú apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ṣe fíìmù ẹ̀fẹ̀ kéékèèké tí Jay máa bú. ABC gbé apá 13, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Fox gbà á ní 1995, wọ́n sì mú Jay wá sí Springfield nínú “A Star Is Burns” kí àwọn olùwòran lè mọ̀ ọ́n. Groening kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi eré òun polówó eré mìíràn, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára apá náà. Apá 10 péré ni Fox gbé, ó parí. Mẹ́tàlélógún ni gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Mo fẹ́ràn The Critic, mo sì gbà pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó pa á. Àwọn fíìmù tó ń jáde lọ́wọ́ ní 1993 àti 1994 ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ìtàn Jay kò sì ní ohun tó kàn án pẹ̀lú wọn. Ó ń jókòó wò wọ́n ni. Homer ní tirẹ̀ wà nínú Psycho, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi òòlù lù. Ẹ wò ó pé ibi tí The Critic ti kọ ojú sí àtijọ́ ni kò tíì gbó di òní: níbi tí Orson Welles, ẹni tó ṣe Citizen Kane, ti di ẹni tó ń polówó ẹ̀wà tútù inú fíríìjì. Maurice LaMarche ló fohùn sí i. Òótọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀, Welles gidi gba iṣẹ́ ìpolówó irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí owó ṣòroó rí, ohùn ìjà tó bá àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un jà sì wà nílẹ̀ títí di òní. LaMarche mọ ohùn yẹn débi pé òun ló fi ṣe Brain, eku inú kàtúùnù Pinky and the Brain. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ, àánú Welles ń ṣe mí.

Jean padà sí The Simpsons. Ní 2001 òun nìkan di ọ̀gá ibẹ̀, ó sì pẹ́ lórí àga yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó wà lára àwọn tó kọ The Simpsons Movie ní 2007. Ní 2012 wọ́n tún gbé Maggie padà sí kíréèṣì ọdún 1992 yẹn, nínú fíìmù kékeré kan tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, The Longest Daycare. David Silverman darí rẹ̀, Jean wà lára àwọn tó kọ ọ́, wọ́n sì yàn án fún àmì ẹ̀yẹ Oscar. Kò gbà á, Paperman ti Disney ló gbà á.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, orúkọ Rich Moore wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún fíìmù kàtúùnù gígùn, nítorí Wreck-It Ralph. Òun náà kò gbà á. Ní 2017 ló tó gba Oscar, pẹ̀lú Byron Howard, fún Zootopia. Nínú Zootopia, asín kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Mr. Big. Àwọn béárì funfun ńláńlá ló ń ṣọ́ ọ, ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n mú àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ wá síwájú rẹ̀, ó sì ń fi ohùn tó há sọ̀rọ̀ bíi Vito Corleone nínú The Godfather ti 1972. Marlon Brando ló ṣe Corleone. Marlon Brando náà ló ṣe Stanley nínú A Streetcar Named Desire ti 1951, ipò tí Ned Flanders, aládùúgbò Homer tí kì í bú ènìyàn, gbà lórí ìtàgé nígbà tí Rich Moore ń darí Marge àti Maggie ní 1992.